Àlejò Tí Kò Ní Lọ Mọ́

Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tí èmi ń kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ń kọ́ nípa ẹranko àti ewéko bá ń gbé ìgò àti àwọ̀n kiri, ìwé atúmọ̀ èdè ni ẹ ó bá ní abíyá mi. Ó lè ya ẹ̀yin òǹkàwé lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀rọ̀ ọ́ísítà ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi. Ohun tí mo fẹ́ wí kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ tí a bá fi pe iṣẹ́ kan lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè kọ́ wa bí a ti í ṣe é.

Ọ́ísítà jẹ́ ẹran omi tí ń gbé inú ìkarahun méjì tí ó pa dé ara wọn bí àwo àti ìdérí rẹ̀. Kò ní orí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi rìn ní àgbà rẹ̀. Ibi tí ó bá lẹ̀ mọ́ ni yóò wà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ní ìhà tiwa, ara gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ni a ti ń rí i jù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ lójú omi tí ó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì ti rí igi yìí: igi inú ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ gbé e sókè bí ẹni tí ó gun àgéré. Bí omi bá kún, gbòǹgbò a rì. Bí omi bá fà, gbòǹgbò a yọ síta, ẹ ó sì rí ọ́ísítà tí ó ṣù mọ́ ọn lára, èyí wà lórí èyí. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ni í bá tan. Ṣùgbọ́n ọ́ísítà kì í ṣe àfòmọ́. Kì í mu oje igi. Omi tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó ń sẹ́, oúnjẹ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń jẹ. Ibi ìjókòó nìkan ni ó tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀gbà.

Ìletò kan létí omi yìí, tí kò jìnnà sí ẹnu òkun, ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti tọ́ mi dàgbà. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn Ẹ̀gùn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Ìlàjẹ wà pẹ̀lú wọn, nítorí náà èdè mẹ́ta ni mo gbọ́ kí n tó mọ ìwé kà. Ọ́ísítà ni Ìyá Àgbà fi san owó ilé ìwé mi. Bí omi bá ti fà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a wọ ọkọ̀, wọn a mú àdá àti apẹ̀rẹ̀, wọn a gé gbòǹgbò tí ọ́ísítà ṣù mọ́, wọn a sì da gbòǹgbò àti ẹran pọ̀ sínú ọkọ̀. Nílé, wọn a gbé e kaná títí ìkarahun yóò fi là, wọn a yọ ẹran rẹ̀, wọn a yan án. Igi ẹ̀gbà kan náà ni wọ́n fi ń dáná.

Iṣẹ́ líle ni. Ìkarahun ọ́ísítà mú bí abẹ, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní àpá. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dùn wọ́n ju àpá lọ ni pé ọ̀nà wọn ń jìn sí i lọ́dọọdún. Gbòǹgbò tí a bá gé kúrò lónìí, kò sí ibi tí ọ́ísítà ọdún tí ń bọ̀ yóò jókòó sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí a máa gbọ́ ìró àdá wọn. Nísinsìnyí, wọn a tu ọkọ̀ títí oòrùn yóò fi ga kí wọn tó rí gbòǹgbò kan tí ó ní láárí.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹranko kan àti olùkọ́ wọn wá sí ìletò wa ní àkókò ìsinmi Kérésìmesì. Wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ìyá náà bí a ti ń sin ọ́ísítà dípò kí a máa dọdẹ rẹ̀. Nítorí pé mo gbọ́ Ẹ̀gùn, wọ́n ní kí n ṣe ògbufọ̀. Mo gba ìwé wọn, mo sì kà á ní alẹ́ kí ìpàdé tó ṣe. Gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni pé: "A wá láti kọ́ yín bí ẹ ó ti máa kó ọmọ ọ́ísítà."

Mo lọ bá olùkọ́ wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí mo bá wí báyìí lọ́la, àwọn ìyá yìí yóò dìde, wọn yóò sì lọ." Ó bi mí pé èéṣe. Mo ṣàlàyé fún un pé ní ìletò wa, ẹni tí ó ń kó ọmọ ọ́ísítà ni ẹni tí ojú ń kán, tí kò ro ti ọ̀la. Èyí tí kò bá tíì tó jẹ, omi ni wọ́n ń dá a padà sí. Ìyá Àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá kó kékeré, oúnjẹ ọ̀la ni ó jẹ mọ́ tòní. Ǹjẹ́ báwo ni àlejò yóò ṣe wá láti yunifásítì kí ó wá kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ wọn wí? Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tí ẹ ń ṣe gan-an, kí n lè wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu." A jókòó títí òru, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi. Èmi náà yóò sọ ọ́ fún yín bí mo ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí àkókò bá tó, ọ́ísítà akọ a tú àtọ̀ sínú omi, abo a tú ẹyin, inú omi náà ni wọn a sì ti pàdé. Ọmọ tí ó bá ti ibẹ̀ jáde kò jọ ìyá rẹ̀. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́, omi ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀. Yóò wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jókòó, yóò yọ ẹsẹ̀ kékeré kan àti àmì dúdú kan tí ó dà bí ojú. Yóò wá máa fi ẹsẹ̀ náà tọ ilẹ̀ wò, bí ẹni tí ń wá ilé. Bí ibi kan bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tú oje kan jáde bí àtè, yóò sì fi ìkarahun apá òsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó parí nìyẹn. Ẹsẹ̀ yóò parẹ́, ojú yóò parẹ́, kò sì ní ṣí kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé, àfi bí ènìyàn bá gbé e. Bí kò bá rí ibi líle tí ó lè jókòó sí, yóò kú. Ẹrẹ̀ kò lè gbà á.

Ohun tí àwọn onímọ̀ náà ń pè ní "kíkó" ni pé kí a gbé ohun líle kọ́ sínú omi ní àkókò tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wá ilé, kí wọ́n lè wá jókòó sí i fúnra wọn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ kò kó nǹkan kan! Àlejò ni ẹ ń gbà." Gbólóhùn tí mo sì sọ fún àwọn ìyá náà ní ọjọ́ kejì nìyí, ní Ẹ̀gùn àti ní Yorùbá: "A wá láti bá yín jíròrò bí a ti lè gba ọmọ ọ́ísítà lálejò." Kò sí ẹni tí ó dìde.

Láti ìgbà náà ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó gbé ìlànà iṣẹ́ náà lọ́wọ́, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ó yẹ kí olùgbàlejò ṣe.

Èkíní, olùgbàlejò ní láti ní ilé, ilé náà sì ní láti jẹ́ èyí tí àlejò fẹ́. Ìkarahun ọ́ísítà tí ó ti kú ni ilé tí ọmọ ọ́ísítà fẹ́ràn jù, nítorí ó ń mọ òórùn àwọn ẹbí rẹ̀ nínú omi; ibi tí àgbà bá ti gbé ni ó gbà pé yóò dára fún ọmọ. A ó dá ihò sí ìkarahun láàárín, a ó fi okùn tí kì í jẹrà sin ín bí ìlẹ̀kẹ̀, a ó sì máa fi ègé ọparun sí àárín méjì-méjì kí omi lè ráyè kọjá. A ó wá kọ́ okùn wọ̀nyí sára àtẹ́ tí a fi ọparun kàn sójú omi. Òkìtì ìkarahun wà lẹ́yìn ilé gbogbo wa láti ọdún pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ilé ni a kó jọ síbẹ̀.

Èkejì, olùgbàlejò a máa gbálẹ̀ kí àlejò tó dé, ṣùgbọ́n kì í gbá a ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Bí a bá gbé ìkarahun sómi ní kùtùkùtù jù, ewé omi yóò bò ó, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ oníkarahun mímú tí a máa ń ha kúrò ní ìdí ọkọ̀ yóò sì ti gba gbogbo ààyè. Bí a bá pẹ́ jù, àlejò yóò ti kọjá lọ. Nítorí náà, ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí ní láti máa gbé ìkarahun díẹ̀díẹ̀ sómi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ó lè mọ ìgbà tí wọ́n ń dé.

Ẹ̀kẹta, ilé kì í wà níbi tí omi kò dára. Fún àwa ará Èkó, iyọ̀ ni ọ̀gá ọ̀rọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọ inú ọ̀sà. Ní ìgbà òjò, omi odò a tì í jáde, ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà a sì di omi tí kò ní iyọ̀ mọ́. Sandison àti Hill tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1966 lórí bí iyọ̀ omi èbúté Èkó àti àwọn ọ̀gbàrá ọ̀sà tí ó yí i ká ti ń pàṣẹ ibi tí ọ́ísítà lè gbé. Níbi tí ó jìnnà sí òkun, òjò a máa pa wọ́n, ẹ̀ẹ̀rùn a sì tún mú ọmọ tuntun wá. Ẹni tí ó bá gba àlejò ní ẹ̀ẹ̀rùn ní láti tà á tàbí kí ó gbé e sún mọ́ òkun kí òjò ńlá tó dé.

Ẹ̀kẹrin, àlejò a máa di ọmọ ilé. Nígbà tí ọmọ ọ́ísítà bá tó èékánná, a ó mú un kúrò níbi tí wọ́n ti ṣù pọ̀, a ó sì tún un kọ́ síbi tí omi ti ń ṣàn dáadáa, kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Nínú omi gbígbóná bíi tiwa, kì í tó ọdún kan kí ó tó tó tà.

Àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe é ṣáájú wa. Ní Arcachon ní ilẹ̀ Faransé, láti nǹkan bí ọdún 1865 ni wọ́n ti ń fi ẹfun kun páànù alámọ̀ tí a fi ń bo ilé, kí wọ́n lè ha ọmọ ọ́ísítà kúrò lára rẹ̀ láìfọ́ ọ. Ní Kúbà, níbi tí a ṣì ti ń forin bọ òrìṣà ní èdè tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ, Nikolić, Bosch àti Alfonso ṣàlàyé ní ọdún 1976 bí wọ́n ti ń so ẹ̀ka ẹ̀gbà kọ́ sínú omi fún àwọn ọmọ ọ́ísítà láti jókòó sí. Ní Gáḿbíà, níbi tí a ti ń pe àtọmọdọ́mọ àwọn ènìyàn wa kan ní Aku nítorí kíkí tí wọ́n ń kí ara wọn pé "ẹ kú", àwọn obìnrin ọlọ́ísítà dá ẹgbẹ́ TRY sílẹ̀ ní ọdún 2007, wọ́n sì lé ní 500. Wọ́n jáwọ́ nínú gígé gbòǹgbò, wọ́n gbin ẹ̀gbà, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan láti fi ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún sílẹ̀ láìkó ọ́ísítà. Ní ọdún 2012, ìjọba wọn fi igbó ẹ̀gbà Tanbi lé wọn lọ́wọ́ kí ó jẹ́ pé àwọn nìkan ni yóò máa kó ọ́ísítà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa bójú tó o.

Ọ̀rọ̀ Gáḿbíà yìí ni ó gbà wá ní ìpàdé ọjọ́ náà. Nítorí nígbà tí mo túmọ̀ ohun gbogbo tán, kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà dìde, ó ní:

"Ọmọ mi, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn. Ṣùgbọ́n igbó ẹ̀gbà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ohun tí mo bá gé lónìí ni mo ń jẹ lónìí. Okùn tí ẹ ní kí n so yìí, owó ni n ó fi rà á. Bí mo bá so ó tán, tí mo ṣọ́ ọ títí, tí ẹlòmíràn wá tukọ̀ lóru tí ó já a lọ ńkọ́? Ṣé ìwọ ni yóò san án fún mi?"

Ìyá Ìlàjẹ kan gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Kí àlejò yín tó dàgbà, kí ni àwọn ọmọ wa yóò jẹ?"

Mo túmọ̀ ìbéèrè méjèèjì fún àwọn onímọ̀ náà. Kò sí ìdáhùn wọn nínú ìwé tí wọ́n mú wá. Ọ̀kan nínú wọn ni ó sọ ìtàn àwọn obìnrin Gáḿbíà, pé wọn kò dá a ṣe, gbogbo wọn ni ó jọ ń ṣọ́ ọ. Ẹnì kan ní kí a kọ́ okùn sábẹ́ ilé orí omi, kí oníkálukú máa sùn lé tirẹ̀ lórí. Àwọn onímọ̀ kọ̀, wọ́n sì ní ìdí: omi tí ó bá yí ọ́ísítà ká ni ó ń sẹ́ sínú, ìdọ̀tí abẹ́ ilé yóò sì wọ inú ẹran tí a ó tà. Nígbẹ̀yìn, a fẹnu kò sí ẹnu ọ̀gbàrá kan tí ó kọjú sí òkun. Gbogbo okùn ni yóò wà lórí àtẹ́ kan, ìyá kọ̀ọ̀kan yóò so àkísà aláwọ̀ tirẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ilé méjì-méjì ni yóò sì máa ṣọ́ ọ lálẹ́. Fún oúnjẹ, wọn yóò máa kó ọ́ísítà gbòǹgbò lọ bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ní ọ̀gbàrá yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé gbòǹgbò. Ọ̀bẹ kúkúrú ni wọn yóò fi máa yọ èyí tí ó bá tó jẹ.

Òfin ìkẹyìn yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀. Ìyá Àgbà ni ó dá a. Ó ní, "Ẹ ti ń wí láti àárọ̀ pé àlejò ń bọ̀, àlejò ń bọ̀. Ta ni ó bí i? Bí a bá gé gbogbo ìyá ọ́ísítà tí ó wà lára gbòǹgbò, a ó tẹ́ ibùsùn sílẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò sùn sí i." Olùkọ́ náà ní kí n tún un sọ fún òun kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó bí àgbà tí kò mọ ìwé ti fi gbólóhùn kan mú ìdí ọ̀rọ̀ jáde, kìkì nítorí pé a bá a sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó lè fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Bí ó bá jẹ́ "kíkó" ni mo túmọ̀, kò ní dúró débi tí yóò ti wí i.

Mo padà lọ ní ọdún Àjíǹde. Àwọn okùn tí ó rì jù, ẹrẹ̀ ti bò wọ́n, kò sí nǹkan lára wọn. Ṣùgbọ́n lára àwọn yòókù, ọmọ ọ́ísítà ti jókòó. Ìyá Àgbà gbé ìkarahun kan síwájú mi, ó ní kí n kà á. Méje ni mo kà, èyí tí ó tóbi jù tó èékánná àtàǹpàkò mi. Òjò ń bọ̀, wọn yóò sì ní láti gbé àwọn okùn náà sún mọ́ òkun kí omi tó di aláìníyọ̀. Iye tí yóò yè ni yóò sọ bóyá àwọn ìyá náà yóò tún ra okùn ní ọdún tí ń bọ̀, tàbí wọn yóò padà sídìí àdá. Èmi kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn dá òjò dúró.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí fi sọ́kàn. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ọ́ísítà inú igbó ẹ̀gbà tiwa yìí wà ní òdìkejì òkun pẹ̀lú, ní etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà títí dé Bùràsíìlì. Ẹ̀yin náà mọ ohun mìíràn tí ó ti ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ síbẹ̀ tí ó sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọ̀hún. Èdè kì í fò lójú òfuurufú. Ẹnu àwọn àgbà ni ó ń jókòó sí, ibi tí ó bá ti bá a ni àwọn ọmọ ń lẹ̀ mọ́. A máa ń pariwo nínú ẹgbẹ́ wa pé kí a dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìgbàlódé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iyàrá nìkan kọ́ ni a ti ń dá a. Kí ẹ̀yin tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹranko, ìmọ̀ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ìlera mú ọ̀kan nínú wa dání nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ìletò, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé, bí kò ṣe ní alẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, kí a lè jọ jókòó kí a sì bi ara wa pé: ohun tí a fẹ́ sọ yìí, kí ni àwọn tí yóò ṣe é ń pè é?